São Tomé: Erékùṣù Ẹ̀bá Ilé Wa, àti Ìyá Tí Ó Kó Ọmọ Rìn

  Lọ́dọọdún, nígbà tí ìsinmi ilé-ìwé bá kù sí dẹ̀dẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó máa ń bi ara rẹ̀ léèrè pé: níbo ni a lè kó àwọn ọmọ wọ̀nyí lọ tí ojú wọn yóò fi là sí i? Ẹlòmíràn a dárúkọ Lọ́ńdọ̀nù, ẹlòmíràn a dárúkọ Dubai. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ kan wà nínú òkun ní ìhà gúúsù wa tí ó jẹ́ pé, bí ẹyẹ bá gbéra ní Èkó tí ó sì fò tààrà, yóò dé ibẹ̀ kí ó tó dé Kano. Ilẹ̀ náà ni São Tomé àti Príncipe. Ó súnmọ́ wa tó bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ ẹni mélòó nínú wa ni ó mọ̀ ọ́n?

Èmi àti ọkọ mi pẹ̀lú àwọn ọmọ wa méjì, àkọ́bí tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 9 àti àbúrò rẹ̀ tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 3, lọ lo ọjọ́ mẹ́wàá níbẹ̀. Àgbẹ̀ kòkó ni bàbá mi. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ó máa ń sọ fún wa pé láti erékùṣù àwọn Potogí ni irúgbìn kòkó ti tàn dé ọ̀dọ̀ wa. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fẹ́ fojú ara mi rí erékùṣù náà. Ohun tí mo rí, àti àṣìṣe tí mo ṣe, ni mo fẹ́ sọ fún yín, kí ẹ̀yin tí ẹ óò lọ lẹ́yìn mi lè rìn ín ní ìrọ̀rùn jù mí lọ.

IBI TÍ ILẸ̀ NÁÀ WÀ

Erékùṣù ńlá méjì ni ó para pọ̀ di orílẹ̀-èdè náà, pẹ̀lú àwọn kéékèèké tí ó yí wọn ká. São Tomé ni ẹ̀gbọ́n, Príncipe ni àbúrò, nǹkan bí 150 kìlómítà ni ó sì wà láàrin wọn. Bí a bá pa gbogbo ilẹ̀ wọn pọ̀, kò ju nǹkan bí 1,000 kìlómítà níbùú lóròó lọ. Iye ènìyàn ibẹ̀ lé díẹ̀ ní 200,000. Ọ̀pọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ wà ní Èkó tí èrò wọn ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa.

Òkè oníná ni ó ti ìsàlẹ̀ òkun bí àwọn erékùṣù náà. Nítorí náà ni wọ́n ṣe kún fún òkè gíga, àpáta ṣóńṣó, ìṣàn omi àti igbó dídí. Òkè tí ó ga jù lọ níbẹ̀ ga ní 2,024 mítà, ìkùukùu ni ó sì máa ń fi bo orí ní ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ìlà tí ó pín ayé sí méjì, àríwá àti gúúsù, kọjá lórí erékùṣù kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Ilhéu das Rolas ní ìsàlẹ̀ São Tomé. Wọ́n ṣe àmì síbẹ̀, ọmọdé sì lè fi ẹsẹ̀ kan tẹ àríwá kí ó fi èkejì tẹ gúúsù. Àwọn ọmọ wa kò yé sọ̀rọ̀ rẹ̀ títí di òní.

ÌWÉ ÌRÌNNÀ

Ìhín ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń ṣìnà. A ti mọ́ ara wa lára láti wọ Kútọnu, Lomé àti Accra láìgba físà, nítorí ẹgbẹ́ ECOWAS tí a jọ wà. São Tomé kò sí nínú ẹgbẹ́ ECOWAS. Àwọn orílẹ̀-èdè àárín gbùngbùn Áfíríkà ni ó bá dòwò pọ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó san kọ́bọ̀ kan fún tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ aṣojú wọn irú físà tí ọmọ Nàìjíríà nílò àti iye ọjọ́ tí yóò gbà. Olúkúlùkù ọmọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ọwọ́, gbọ́dọ̀ ní ìwé ìrìnnà tirẹ̀.

Bí bàbá ọmọ kò bá ní bá yín lọ, ẹ gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀ tí ó fi ń jẹ́rìí pé òun mọ̀ sí ìrìnàjò náà, kí ẹ sì mú ìwé ìbí ọmọ dání. Ẹ má ṣe rò pé àìfọkàntán ni. Àwọn aṣọ́bodè ń wá àwọn tí ń jí ọmọ gbé, ìyá tí ó bá sì ní ìwé rẹ̀ pé, tí ẹ̀rín músẹ́ ni yóò fi kọjá.

Ìwé kejì ni káàdì aláwọ̀ ìyeyè tí ó fi hàn pé ẹ ti gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú. Ẹni tí ó bá ti Nàìjíríà wá kò lè wọlé láìsí i. Abẹ́rẹ́ náà gbọ́dọ̀ pé ọjọ́ mẹ́wàá lára kí ẹ tó gbéra, ọmọ tí kò bá sì tíì pé oṣù mẹ́sàn-án kì í sábà gbà á. Èyí nìkan tó ìdí tí mo fi ń gba yín níyànjú pé kí ẹ jẹ́ kí ọmọ ọwọ́ gbó díẹ̀ kí ẹ tó gbé e lọ. Ìyá tí ó bá lóyún ní láti kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ lọ dókítà rẹ̀.

Èmi kò ní parọ́ fún yín pé ìrìnàjò náà rọ̀ lówó. Bí ilẹ̀ náà ti súnmọ́ wa tó, ọkọ̀ òfurufú tí ń lọ síbẹ̀ kò pọ̀, ẹ sì lè ní láti kọ́kọ́ gba ìlú mìíràn kọjá. Ètò wọn a máa yí padà, nítorí náà ẹ fi ọjọ́ kan tàbí méjì sílẹ̀ ní ìparí ìsinmi yín, kí ìdádúró má baà ba iṣẹ́ tàbí ilé-ìwé jẹ́.

ÀSÌKÒ TÍ Ó YẸ

Oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹsàn-án ni ẹ̀ẹ̀rùn wọn, èyí tí wọ́n ń pè ní gravana. Ilẹ̀ a gbẹ, ooru a dínkù, ọ̀nà a sì ṣeé rìn. Ìsinmi gígùn àwọn ọmọ ilé-ìwé wa bọ́ sí àárín rẹ̀ gan-an. Ní ọ̀pọ̀ nínú oṣù yòókù, òjò ń rọ̀, pàápàá ní gúúsù. Ṣùgbọ́n òjò náà ní ẹwà tirẹ̀, nítorí láàrin oṣù Kọkànlá àti oṣù Kejì ni àwọn ìjàpá òkun máa ń gòkè wá sí etíkun lóru láti yé ẹyin sínú iyanrìn. Bí ẹ bá fẹ́ wò wọ́n, ẹni tí ó mọ̀ nípa wọn ni kí ó mú yín lọ. Ẹ má ṣe tan iná sí wọn lójú, ẹ má sì ra ẹran tàbí karawun wọn, nítorí òfin ilẹ̀ náà ti dè é.

Ẹ tún kíyè sí àwọn ọjọ́ ìsinmi ìjọba. Ọjọ́ kejìlá oṣù Keje ni ọjọ́ òmìnira wọn, tí wọ́n gbà lọ́wọ́ Potogí ní ọdún 1975. Ọjọ́ kẹta oṣù Kejì ni wọ́n fi ń rántí àwọn tí ìjọba Potogí pa ní Batepá ní ọdún 1953, nígbà tí wọ́n kọ̀ láti di alágbàṣe tipátipá. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, bánkì àti ọ́fíìsì kì í ṣí.

OWÓ ÀTI ÈDÈ

Dobra ni orúkọ owó wọn. Ní oṣù Kínní ọdún 2018 ni wọ́n gé òdo mẹ́ta kúrò lára rẹ̀. Wọ́n ti so ó mọ́ Yúrò ṣáájú ìgbà náà: dobra 24.5 ni ó ṣe déédéé pẹ̀lú Yúrò kan báyìí. Ẹ má ṣe gbójú lé náírà rárá, ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé káàdì bánkì. Yúrò tí a kà sọ́wọ́ ni ó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kí ó jẹ́ èyí tí kò ya tí kò sì dọ̀tí, kí ẹ sì ní àwọn kéékèèké nínú rẹ̀. Ẹ pín in sí ọ̀nà méjì, kí apá kan wà lọ́dọ̀ ọkọ, kí apá kejì wà lọ́dọ̀ aya.

Èdè Potogí ni wọ́n ń sọ. Wọ́n tún ní èdè ìbílẹ̀ tiwọn, èyí tí ó gbilẹ̀ jù nínú wọn sì ni Forro. Àwọn onímọ̀ èdè ti fi hàn pé ipa èdè Ẹdó, ti àwọn ará Ìbíní aládùúgbò wa, hàn gbangba nínú rẹ̀, nítorí àwọn tí a kó lẹ́rú láti agbègbè náà wà nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ gbé ibẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì kò wọ́pọ̀. Ẹ kọ́ àwọn ọ̀rọ̀ díẹ̀ kí ẹ tó lọ: *bom dia* ni ẹ ó fi kí wọn ní òwúrọ̀, *por favor* ni ẹ̀bẹ̀, *obrigada* sì ni ìdúpẹ́ láti ẹnu obìnrin. *Obrigado* ni ọkọ yín yóò wí. Ẹ má jẹ́ kí ó gba tiyín sọ.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹ ó gbọ́ ju gbogbo rẹ̀ lọ: *leve-leve*. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bí oúnjẹ bá pẹ́, leve-leve. Bí ọkọ̀ kò bá tètè dé, leve-leve. Ẹni tí ó bá kánjú lọ síbẹ̀ yóò fi ìbínú lo ìsinmi rẹ̀ tán. Àwa tí a ń pòwe pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ó yẹ kí ó tètè yé wa.

ẸRÙ ÌYÁ ỌLỌ́MỌ

Ohun tí ẹ kò bá ti ilé gbé, ẹ má ṣe rò pé ẹ ó rí i rà níbẹ̀. Òkè òkun ni ọ̀pọ̀ ọjà ibẹ̀ ti ń wá. Bí ọkọ̀ ojú omi bá pẹ́, ọjà a tán, èyí tí ó bá sì kù a wọ́n. Ẹ gbé mílíìkì ọmọ àti ìtẹ́dìí tí yóò tó yín dé ọjọ́ àbọ̀. Ẹ gbé àwọ̀n ẹ̀fọn tí a ti rẹ sínú oògùn, aṣọ alápá gígùn fún ìrọ̀lẹ́, fìlà fún oòrùn, àti bàtà tí ó bo ẹsẹ̀. Irú ejò dúdú kan bíi ṣèbé wà nínú igbó àti oko São Tomé, oró rẹ̀ sì le. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ kankan rìn láìwọ bàtà nínú oko kòkó.

Iná mànàmáná a máa lọ bí ó ti ń lọ ní ilé wa, nítorí náà tọ́ọ̀ṣì ṣe pàtàkì. Ojú iná tí ń gba orí róbótó méjì ni tiwọn, kì í ṣe oníhò mẹ́ta bí tiwa. Ẹ mú ohun tí a fi ń so wọ́n pọ̀ dání. Ẹ sì dá aago yín padà sẹ́yìn ní wákàtí kan.

Nínú àpò kan tí kò ní kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ kó tẹmómítà, oògùn ibà olómi ti ọmọdé, iyọ̀ àpòpọ̀ tí a ń pò fún ọmọ tí ń ṣu tàbí tí ń bì, bándéèjì, àti oògùn èyíkéyìí tí dókítà bá kọ fún yín. Omi inú ìgò tàbí omi tí a ti sè ni kí ọmọ máa mu.

Àpò yìí ni ó gbà wá. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ti rí.

Ọ̀NÀ GÚÚSÙ

Ní ọjọ́ kẹrin, a gba ọ̀nà tí ó lọ sí ìhà gúúsù erékùṣù. Kò sí ọ̀nà tí ó lẹ́wà tó o nínú gbogbo èyí tí mo ti rìn. Òkun wà ní apá kan, igbó wà ní apá kejì. A yà síbi tí wọ́n ń pè ní Boca do Inferno, níbi tí ìgbì òkun ti ń gba ihò àpáta wọlé tí ó sì ń tú sókè bí èéfín. Ẹ di ọmọ yín lọ́wọ́ mú dáadáa níbẹ̀, nítorí àpáta náà ń yọ̀. A kọjá ní São João dos Angolares, ìlú àwọn apẹja. Lẹ́yìn èyí ni Pico Cão Grande yọ sí wa lójú. Àpáta Ìdànrè ga, ó sì fẹ̀. Eléyìí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìka kan ṣoṣo tí ilẹ̀ nà sí ojú ọ̀run. Láti ìdí rẹ̀, ó ga ju 300 mítà lọ. Àkọ́bí mi kàn wò ó, kò lè fọhùn.

A wọ̀ sí ilé kan létíkun nítòsí Porto Alegre, níbi tí ọ̀nà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ní òru ọjọ́ náà, mo fọwọ́ kan àbúrò, ara rẹ̀ gbóná bí ààrò. Kò sí iná. Ọkọ̀ tí ó gbé wa wá ti padà. Ilé ìwòsàn ńlá wà ní olú-ìlú, ìrìn bí wákàtí méjì àbọ̀ sí mẹ́ta. Mo tan tọ́ọ̀ṣì, mo fi tẹmómítà sí i lára: ó lé ní 39. Mo fún un ní oògùn ibà ní ìwọ̀n tí a kọ sára ìgò, mo bọ́ aṣọ rẹ̀, mo ń fún un ní omi díẹ̀díẹ̀. Ìyá onílé gbọ́ ẹkún ọmọ, ó wọlé tọ̀ wá wá. A kò gbọ́ èdè ara wa, ṣùgbọ́n ó jókòó tì mí títí ilẹ̀ fi mọ́, ọmọkùnrin rẹ̀ sì ni ó lọ wá ọkọ̀ fún wa ní ìdájí.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò, wọ́n sì rí ibà inú rẹ̀. Mo kọjú sí dókítà, mo ní ẹ̀fọn ilẹ̀ yín ti jẹ ọmọ mi. Ó rọra béèrè ọjọ́ tí a dé. Mo ní ọjọ́ mẹ́rin péré. Ó wá ṣàlàyé fún mi pé kòkòrò ibà kì í tètè hàn báyìí. Láti ìgbà tí ẹ̀fọn bá ti jẹ ènìyàn, ó tó ọjọ́ méje, ó sì sábà máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ara tó gbóná. Láti ilé ni a ti gbé e wá.

Arábìnrin mi, ojú tì mí. Mo rántí gbogbo òru tí ó ṣáájú ìrìnàjò wa, tí mo ń di ẹrù títí di òru, tí ọmọ ń sùn sórí àga ní pálọ̀ láìsí àwọ̀n. Mo ti ra àwọ̀n tuntun fún São Tomé. Mo gbàgbé ti ilé. Ọ̀pọ̀ ọdún sì ni àwọn ará erékùṣù náà ti fi ń bá ibà jà, tí wọ́n ń fín oògùn sí ilé, tí wọ́n ń pín àwọ̀n. Àwa tí à ń bẹ̀rù pé kí wọ́n má kó àrùn ràn wá, àwa ni a gbé e wọ ilẹ̀ wọn.

Ọmọ gba oògùn, ó sì yá. Nítorí náà, ẹ fi ọkàn sí ìmọ̀ràn mẹ́ta yìí. Èkíní, ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ìrìnàjò ni kí ọmọ ti máa sùn nínú àwọ̀n lóròòru, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ dókítà bóyá ó yẹ kí ẹ lo oògùn tí ń dènà ibà. Èkejì, oògùn tí ń mú ara tutù kì í wo ibà. Ọmọ tí ara rẹ̀ bá gbóná gbọ́dọ̀ rí ẹni tí yóò yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò kí ọjọ́ kan tó pé. Ẹ̀kẹta, bí ẹ bá ní ọmọ kékeré, ẹ sùn ní olú-ìlú, kí ẹ máa ti ibẹ̀ lọ kí ẹ sì máa padà. Bí ẹ bá sì fẹ́ sùn ní gúúsù, kí awakọ̀ yín sùn níbẹ̀ pẹ̀lú.

OKO ŃLÁ ÀTI ÌBÉÈRÈ ỌMỌDÉ

Nígbà tí ara ọmọ balẹ̀, a lọ wo àwọn oko ńláńlá àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní roça. Monte Café wà lórí òkè níbi tí atẹ́gùn ti tutù. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kọfí wà níbẹ̀. Èyí tí ó wú wa lórí jù ni Roça Agostinho Neto, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Rio do Ouro tẹ́lẹ̀. Ọ̀nà gbọọrọ kan wà láàrin ilé àwọn òṣìṣẹ́, ní òpin rẹ̀ ni ilé ìwòsàn ńlá kan dúró sí, tí ó dà bí ààfin ṣùgbọ́n tí ó ti ń wó lọ.

Àkọ́bí mi béèrè pé, "Mọ́mì, ṣé olówó ni àwọn òṣìṣẹ́ náà, tí wọ́n fi kọ́ irú ilé ìwòsàn yìí fún wọn?"

Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mo sì dá a lóhùn bí ó ti tọ́. Ní nǹkan bí ọdún 1822 ni wọ́n gbé kòkó láti Brazil wá sí Príncipe, láti ibẹ̀ ni ó ti dé São Tomé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, erékùṣù yìí wà lára àwọn tí ó ń ta kòkó jù lọ ní gbogbo ayé. Ẹrú ni ó kọ́kọ́ ro oko. Nígbà tí òfin fi òpin sí oko ẹrú ní nǹkan bí ọdún 1875, wọ́n ń kó ènìyàn láti Àǹgólà wá ní orúkọ alágbàṣe, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn kò padà sílé mọ́ láé. Ilé ìwòsàn náà wà kí iṣẹ́ má baà dúró. Nígbà tí ìròyìn náà tàn dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé-iṣẹ́ Cadbury dáwọ́ ríra kòkó São Tomé dúró ní ọdún 1909.

Láti àwọn erékùṣù wọ̀nyí ni kòkó ti tàn dé Fernando Po, tí ó sì ti ibẹ̀ wọ etíkun tiwa. Tetteh Quarshie gbé e dé ilẹ̀ Gánà ní ọdún 1879, J. P. L. Davies sì gbìn ín sí oko rẹ̀ ní Ìjan lẹ́bàá Èkó ní nǹkan bí ọdún 1880. Owó kòkó wà lára ohun tí Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà fi dá ilé-ìwé ọ̀fẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1955. Owó kòkó ni bàbá mi fi rán mi níwèé.

Ọmọ náà dákẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ṣa ewé kòkó gbígbẹ kan, ó ní òun yóò mú un lọ fún bàbá àgbà. Ẹ̀yin ìyá, ẹ má ṣe mú àwọn ọmọ yín lọ síbẹ̀ fún yíya fọ́tò nìkan. Ènìyàn ń gbé nínú àwọn ilé àtijọ́ wọ̀nyẹn títí di òní, àrọ́mọdọ́mọ àwọn alágbàṣe náà sì wà nínú wọn. Ẹ kí wọn kí ẹ tó ya fọ́tò, ẹ gba àyè kí ẹ tó wọ àgbàlá wọn.

PRÍNCIPE

Bí owó àti àkókò bá wà, ẹ dé Príncipe. Ọkọ̀ òfurufú kékeré ni kí ẹ wọ̀, kò pé wákàtí kan. Ẹ má ṣe gbé ọmọ sínú ọkọ̀ ojú omi lọ síbẹ̀: ní oṣù Kẹrin ọdún 2019, ọkọ̀ kan dojú dé lójú ọ̀nà náà, ẹ̀mí sì ṣòfò. Àjọ UNESCO ti ka erékùṣù náà sí ibi tí a gbọ́dọ̀ dáàbò bo ohun abẹ̀mí inú rẹ̀ láti ọdún 2012. Ní oko Sundy níbẹ̀, ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 1919, onímọ̀ ìràwọ̀ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Arthur Eddington, ya àwòrán ìràwọ̀ nígbà tí òṣùpá bo oòrùn, láti fi dán ẹ̀kọ́ Einstein wò. Ọmọ ilé-ìwé tí ó bá dúró níbẹ̀ yóò mọ̀ pé ìmọ̀ ayé kò jìnnà sí ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú.

OÚNJẸ ÀTI ÌWÀ

Oúnjẹ wọn kò ní ṣe àjèjì sí yín. Epo pupa, ilá, ẹja gbígbẹ àti ewébẹ̀ ni wọ́n fi ń se calulu, ọbẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣe àlejò. Ó gba àkókò púpọ̀ lórí iná. Wọ́n ń sun èso tí àwọn kan ní ilẹ̀ wa ń pè ní jálòkè, wọ́n sì ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kókò. Ẹja tútù pọ̀ bí omi. Àwọn ọmọ mi kò béèrè ìrẹsì fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko.

Létíkun, ẹ béèrè lọ́wọ́ ará àdúgbò ibi tí omi kì í ti í fa ènìyàn lọ, kí ẹ tó jẹ́ kí ọmọ wẹ̀. Nínú ọkọ̀ ojú omi kékeré tí ń lọ sí Rolas, ọmọ gbọ́dọ̀ wọ ẹ̀wù tí ń mú ni léfòó. Bí kò bá sí èyí tí ó bá ọmọ mu, ẹ padà sílé. Bí àwọn ọmọdé ibẹ̀ bá sáré tẹ̀ lé yín tí wọ́n ń kígbe *doce, doce*, súìtì ni wọ́n ń béèrè. Ẹ má ṣe jù ú sí wọn láti inú ọkọ̀. Ìwé àti pẹ́ńsùlù tí ẹ bá kó lé olùkọ́ wọn lọ́wọ́ yóò ṣe wọ́n ní oore tí ó pẹ́ jù.

Ní ọjọ́ tí a ó padà, mo béèrè bí a ṣe lè fi ẹ̀bùn kékeré ránṣẹ́ sí ìyá onílé tí ó bá mi ṣọ́ ọmọ lóru. Awakọ̀ wa gbà á, ó ní ìyá náà béèrè bóyá ara ọmọ ti yá. Mo gbé aṣọ àdìrẹ mi tí ó dára jù nínú ẹrù, mo ká a, mo sì fi rán an. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí mo lè kọ mọ́ ọn ni *obrigada*.

Ẹ̀yin ìyá, bí ẹ bá ń palẹ̀ mọ́ láti lọ, ẹ tọ́jú ìwé yín, ẹ tọ́jú owó yín, ṣùgbọ́n láti ilé ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú ọmọ. Ẹ lọ ní pẹ̀lẹ́, ẹ bọ̀ ní pẹ̀lẹ́. Bí ara ọmọ bá gbóná láàrin oṣù kan tí ẹ dé, ẹ tètè mú un lọ fún àyẹ̀wò, kí ẹ sì sọ fún dókítà ibi tí ẹ ti ń bọ̀. Ọlọ́run yóò mú wa lọ, yóò sì mú wa bọ̀ ní àlàáfíà. Ó di oṣù tí ń bọ̀.